Nọ́ńbà owó-orí okòwò yín: bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n, àti ibi tẹ́ ẹ ti lè rí i

Ọkùnrin kan tó ń ta bébà, bírò àtàwọn èlò ọ́fíìsì mìíràn l'Ọ̀bà-Ilé, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, ló mú fọ́ọ̀mù kan wá bá wa lọ́jọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ńlá kan fẹ́ kó máa kó ọjà wá fáwọn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì tó ₦600,000. Ó ti kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ sí i, kò kù ju ibi kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ "Tax ID" sí.

Nọ́ńbà ara rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ já fún un, ló kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Ló bá lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, ọmọkùnrin kan níbẹ̀ gba ₦5,000 lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà kan fún un sórí bébà pélébé. Nígbà táwọn tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un yẹ nọ́ńbà náà wò, orúkọ ẹlòmíì ló jáde. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá ń ba ọkùnrin yìí pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, àti pé wọ́n lè máa fojú gbájú-ẹ̀ wo òun.

Ẹ má rò pé ńṣe nilé-iṣẹ́ yẹn kàn fẹ́ ni ín lára. Lábẹ́ òfin tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń gba owó-orí, Nigeria Tax Administration Act, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ẹni tó bá gbé kóńtíráàtì fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí lè san owó ìtanràn ₦5 mílíọ̀nù. Ẹni tó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ náà yóò san ₦50,000 fún oṣù àkọ́kọ́, yóò sì máa san ₦25,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún fi jókòó lẹ́yìn ìyẹn. Ta ni yóò fẹ́ tìtorí bébà àti bírò san mílíọ̀nù márùn-ún?

Kí la wá ń pè ní nọ́ńbà owó-orí gan-an? Òun ni nọ́ńbà tí àwọn agbowó-orí fi ń dá okòwò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Orúkọ lè jọra, ṣọ́ọ̀bù lè kó kúrò l'Ọ̀bà-Ilé lọ sí ìlú Oǹdó, ẹni tó ni ín lè pààrọ̀ fóònù, àmọ́ nọ́ńbà yẹn kò ní yí padà. Gbogbo owó tẹ́ ẹ bá san, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. TIN làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, èyí tí FIRS, ìyẹn àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, ń fáwọn èèyàn wà, èyí tó ń wá láti ọ̀dọ̀ Joint Tax Board náà sì wà. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ẹlòmíì tó ní méjì lọ́wọ́, tí kò sì mọ èyí tí yóò lò. Lábẹ́ àwọn òfin tuntun yìí, FIRS ti di Nigeria Revenue Service, tí wọ́n ń pè ní NRS, Joint Tax Board sì ti di Joint Revenue Board. Wọ́n ti wá fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ di ẹyọ kan, òun ni wọ́n ń pè ní Tax ID.

Nígbà tí òfin yẹn ń bọ̀, ariwo gba ìgboro pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì gbogbo ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà pa. Táíwò Oyèdélé, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Ààrẹ lórí àtúnṣe owó-orí nígbà náà, ṣàlàyé lọ́dún 2025 pé ẹni tó bá ti ní TIN tẹ́lẹ̀ kò nílò láti lọ gba òmíràn. NRS náà sọ pé nọ́ńbà NIN ni wọ́n máa fi dá èèyàn lásán mọ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ CAC ni wọ́n sì máa fi dá kọ́mpìnnì mọ̀. Wọn kì í fún èèyàn ní káàdì kankan fún un. Kì í ṣe ohun tuntun pátápátá pé báńkì ń béèrè ẹ̀ o. Láti ìgbà Òfin Ìnáwó ọdún 2019 ni wọ́n ti ní kí okòwò máa mú TIN wá kó tó lè lo àkáǹtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lójú nìyí. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC, èyí tó wà lára sátífíkéètì CAC, ti kọ́mpìnnì tó ń jẹ́ "Limited" ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN, ti orúkọ okòwò lásán ni, bí irú ti ọkùnrin tá à ń sọ yìí. Méjèèjì ń fi hàn pé okòwò yín ti wà nínú ìwé CAC ni, wọ́n sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ ó fi ṣílẹ̀kùn nọ́ńbà owó-orí. Àmọ́ nọ́ńbà rìsíìtì ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ńbà káàdì ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àti nọ́ńbà BVN báńkì, kò sí èyí tó bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Kì í ṣe àwa nìkan nirú èyí ń ṣe o. Àwọn èèyàn wa tó ní kọ́mpìnnì ní London náà máa ń kọ nọ́ńbà Companies House, tó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, síbi tó yẹ kí wọ́n kọ UTR sí, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà mẹ́wàá ni UTR, inú lẹ́tà táwọn agbowó-orí ibẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kọ́mpìnnì ló sì máa ń wà. Ẹni tó bá ti sọ lẹ́tà yẹn nù á mọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá tiyín, ẹ má tíì lọ síbì kankan. Ẹ kọ́kọ́ tú àpótí ìwé yín. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni CAC ti ń tẹ TIN mọ́ sátífíkéètì kọ́mpìnnì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń wà, níbi tójú kì í tètè dé. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo rìsíìtì owó-orí tẹ́ ẹ ti san rí, ìwé VAT, tàbí ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó-orí ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń bá yín ṣe ìṣirò owó náà lè ní in lọ́wọ́. Ó máa ń jọ wá lójú báwọn èèyàn ṣe ń sanwó fún nọ́ńbà tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn láti bí ọdún mẹ́rin.

Tẹ́ ẹ bá tú u tú u tẹ́ ẹ ò rí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn. NRS àti Joint Revenue Board ní ojú-òpó tẹ́ ẹ ti lè wá Tax ID. Ẹ ó sọ fún un bóyá ti ara yín lẹ̀ ń wá tàbí ti okòwò. Tó bá jẹ́ ti okòwò, ẹ ó mú irú èyí tó jẹ́, orúkọ okòwò tàbí kọ́mpìnnì, ẹ ó sì tẹ nọ́ńbà CAC sí i. Ẹ má ṣe mú kọ́mpìnnì tó bá jẹ́ BN lẹ ní, torí kò ní rí i, ẹ ó sì rò pé wọn ò tíì kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ìyá tó ń ta ata tí kò bá CAC ṣe pọ̀ rárá lè lo NIN ẹ̀, àmọ́ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó fi gba NIN mu. Níbi tí wọ́n bá ti kọ "Adéọlá" sí NIN, "Déọlá" kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí àdírẹ́sì ojú-òpó náà dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ parí sí nrs.gov.ng tàbí jrb.gov.ng. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kó tó jáde, owó iṣẹ́ ara ẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ti ìjọba. Tí orúkọ tó bá jáde kì í bá ṣe tiyín, tàbí tí méjì bá jáde, ẹ má ṣe yan èyí tó bá wù yín. Ẹ mú sátífíkéètì CAC àti NIN yín lọ sí ọ́fíìsì agbowó-orí kí wọ́n bá yín tún un ṣe. Tó bá jẹ́ kọ́mpìnnì lẹ ní, ọ̀dọ̀ NRS lẹ ó lọ. Tó bá jẹ́ orúkọ okòwò, ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Oǹdó, ODIRS, l'Àkúrẹ́ ni, torí ìjọba ìpínlẹ̀ lẹni tó ní orúkọ okòwò ń sanwó-orí fún. Owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ yín náà, ìpínlẹ̀ ló ń lọ, kódà tẹ́ ẹ bá jẹ́ kọ́mpìnnì.

Ẹnì kan lè sọ pé okòwò òun kéré, pé wọ́n ti yọ irú òun kúrò. Lóòótọ́, látìgbà Òfin Ìnáwó ọdún 2019 ni wọ́n ti sọ pé kọ́mpìnnì tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦25 mílíọ̀nù lọ kò ní san owó-orí lórí èrè, òfin tuntun sì tún sún iye yẹn sókè. Àmọ́ wọn ò yọ wọ́n kúrò nínú ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa fi ìṣirò wọn ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà kò tilẹ̀ ní ọ̀nà tó máa fi sọ fún ìjọba pé òun wà lára àwọn tí wọ́n yọ.

Owó tó wà nídìí ẹ̀ tún wà níbí. Tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ra ọjà lọ́wọ́ yín, ó máa ń yọ díẹ̀ nínú owó yín sílẹ̀ fún ìjọba. Nínú ìlànà tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2024, náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí ọjà tí èèyàn kàn rà tó tún tà. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ ẹ̀. Lórí ₦600,000, ₦12,000 di ₦24,000 nìyẹn. Owó tí wọ́n yọ yìí kò sì gbé, ẹ lè fi dín owó-orí tẹ́ ẹ máa san lópin ọdún kù, tí wọ́n bá kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà yín. Ká ní wọ́n ti lo nọ́ńbà orí bébà pélébé yẹn ni, àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni ni ₦12,000 ìbá bọ́ sí. Okòwò kékeré tó bá ń ra ọjà lọ́wọ́ yín pàápàá kò ní láti yọ nǹkan kan, tí ọjà náà kò bá ti ju ₦2 mílíọ̀nù lọ lóṣù, àmọ́ ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà.

Ọkùnrin Ọ̀bà-Ilé yẹn ti rí tiẹ̀. Nọ́ńbà BN ara sátífíkéètì ẹ̀ ló fi wá a, kò sì ná an ní kọ́bọ̀ ju owó dátà lọ. Fọ́ọ̀mù ti wọlé, ó ti kó ọjà àkọ́kọ́, ₦588,000 ni wọ́n sì san sí àkáǹtì ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ₦12,000 tó kù ló ń lọ béèrè lọ́wọ́ akáǹtáǹtì wọn báyìí, ó láwọn ní kóun padà wá lọ́jọ́ Ajé.