Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Kì í Sọ Àsọtẹ́lẹ̀

Ìyá Yorùbá kan tó ń gbé Kakuri ní Kàdúná lè lọ sí ilé ìwòsàn Barau Dikko láàárọ̀, kí nọ́ọ̀sì fi Haúsá kí i, kí dókítà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àyẹ̀wò fún un, kó sì di alẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó fi Yorùbá sọ èsì náà fún un nílé. Ẹnu ọmọ yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń wọ́. Nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà àti ìfúnpá nìkan ló wà lórí ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ní báyìí, àwọn ibi àyẹ̀wò kan ti ń fi CRP (èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀) àti insulin kún un, àwọn nǹkan tó ń mú ká fura sí àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó yọjú rárá. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń wá ọ̀rọ̀ tì.

Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tó sọ àìsàn lórúkọ nínú èdè wa, ohun tí ojú rí ni wọ́n fi sọ ọ́. Apá rọ, ẹsẹ̀ rọ: rọpárọsẹ̀. Èèyàn ń tọ̀ ṣáá, ara ń gbẹ: àtọ̀gbẹ. (Ẹni tó bá rò pé àtọ̀ ọkùnrin ló gbẹ ti là á síbi tí kò yẹ.) Haúsá ní tirẹ̀ ń pè é ní ciwon suga, àìsàn ṣúgà. Wọ́n tún ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru ní hawan jini, ẹ̀jẹ̀ tó gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ríru ni, pẹ̀lú ohùn àárín níparí. Ẹbọ la máa ń gbọ́ rírú rẹ̀. Ẹni tí kò jẹun kánú ni ara rẹ̀ ń rù. Mo rí “ẹ̀jẹ̀ rírù” lára pátákó ilé oògùn, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ wo ló tún rù báyìí? Àmọ́ ríru fúnra rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Àwọn kan ń dúró kí ẹ̀jẹ̀ ru kí àwọn sì mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ nǹkan kan lára.

Ọ̀rọ̀ CRP ló le jù. Àwọn atúmọ̀ èdè sábà máa ń pe ohun tó ń fi hàn, inflammation lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní “wíwú”. Kò burú fún ojú egbò. Celsus ará Róòmù ti ka àmì mẹ́rin sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Yorùbá náà sì mọ̀ wọ́n dáadáa: ó pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń roni. Èyí tí CRP ń tú síta kì í sábà ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tillett àti Francis ló rí CRP ní 1930 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà ní New York. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ara bá ń bá nǹkan jìjàkadì. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń rí ìwọ̀n tó kéré gan-an wọ̀n ọ́ nítorí ọkàn, èyí tí kò tó 1 mg/L ni wọ́n ń pè ní ewu kékeré. Èyí tó bá lé ní 3 ni ewu ńlá. Bó bá kọjá 10, ibà, eyín tó kẹ̀ tàbí eéwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá sọ fún ìyá yẹn pé “ara yín wú”. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò wò. Bí kò bá wú, á ní irọ́ ni wọ́n pa. “Ara yín gbóná” kò sàn jù ú lọ, ibà nìyẹn létí gbogbo wa. Èmi fara mọ́ “ara ń jà lábẹ́lẹ̀”.

Ti insulin rọrùn díẹ̀. Insulin ló ń pàṣẹ fún ara pé kó gba ṣúgà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Banting àti Best ló ṣàwárí rẹ̀ ní Toronto ní 1921. Bí ara kò bá jẹ́ ìpè rẹ̀ mọ́, àwọn kan ń kọ “ìdènà insulin”. Ìdènà kọ́, kò sí ẹni tó dí i lọ́nà. Ara kọtí ikún sí i ni. Ẹni tó kọtí ikún gbọ́, kò kàn dáhùn ni, ẹni tó ń pè é á sì máa gbé ohùn sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni insulin ṣe ń pọ̀ sí i nígbà tí ṣúgà ṣì wà ní ìwọ̀n. Ní 1985, àwọn oníṣègùn Oxford gbé ìṣirò kan kalẹ̀, HOMA-IR: ẹ fi insulin sọ ìlọ́po ṣúgà, kí ẹ fi 22.5 pín in. Ẹni méjì lè ní ṣúgà 5.4 mmol/L tí kò já dókítà kankan láyà. Bí insulin èkínní bá jẹ́ 5, èsì rẹ̀ á jẹ́ 1.2, bí ti èkejì bá jẹ́ 15, á di 3.6. Ara èkejì ti ń kọtí ikún. Ní Zaria níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná kan náà, Bakari àti Onyemelukwe tẹ ìwádìí jáde ní 2005 lórí bí ọ̀ràn yìí ṣe rí lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní àtọ̀gbẹ.

Ìṣirò yìí kò wúlò fún ẹni tó ti jẹun, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ti ń bà á jẹ́. “Kí ẹ gba ààwẹ̀ wá” ni ọmọ máa ń sọ. Mùsùlùmí Tudun Wada á jí jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Kò tún ní fẹnu kan omi, bẹ́ẹ̀ omi lásán kò léèwọ̀. Onígbàgbọ́ Sabon Tasha lè jẹun ní òru ọ̀gànjọ́, nítorí òwúrọ̀ ni ààwẹ̀ tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Àìjẹun mọ́jú ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “àyẹ̀wò sọtẹ́lẹ̀ pé ẹ máa ní àrùn ọkàn”. Àsọtẹ́lẹ̀ a máa ṣẹ tàbí kó má ṣẹ, ẹni tó gbọ́ ọ á ní “Kò ní ṣẹ lórí mi!”, á sì gba ilé àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ àáfà lọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n èsì yìí ta wá lólobó ni. Ẹni tí wọ́n ta lólobó pé olè ń bọ̀ á ti ilẹ̀kùn. Ní 2008, ìwádìí JUPITER tí Paul Ridker ní Boston darí mú àwọn tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga ṣùgbọ́n tí CRP wọn tó 2 sókè. Àwọn tó lo oògùn statin nínú wọn kò ní àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó àwọn tí kò lò ó. Ohun tí a ta wọ́n lólobó rẹ̀ yẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tó ń túmọ̀ ìwé àyẹ̀wò fún òbí, ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ìyá, ara yín ń jà lábẹ́lẹ̀, ó sì ń kọtí ikún sí insulin. Èsì yìí ta wá lólobó ni, kò tíì di àìsàn. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá dókítà.” Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju “ara ń jà lábẹ́lẹ̀” lọ, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.