Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ń Wá Ojúlé Baba Ńlá Rẹ̀ ní Scotland

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ agbo ilé tí baba ńlá rẹ̀ ti jáde wá yóò máa jẹ́ orúkọ tí kò ní lè ròyìn rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Òwe yìí kan àwọn ọmọ Oòduà tí ó wà lẹ́yìn odi pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wọn ti fi Glasgow, Edinburgh tàbí Aberdeen ṣe ilé, wọ́n ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n sì ti bí ọmọ tí ó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Èkìtì níhà baba, tí ó sì jẹ́ ará Scotland níhà ìyá. Níhà baba, ìyá àgbà yóò ki ọmọ náà títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Níhà ìyá, ìwé ni yóò kì í, olórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìkànìyàn.

Láti 1801 ni wọ́n ti ń ka àwọn ènìyàn Scotland ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n iye orí ni ìjọba ń wá nígbà náà. Ìkànìyàn ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, 1841, ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó sùn sí ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà. Nítorí àṣírí ará ìlú, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń ti ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ti 1921 fi di kíkà ní 2022, tí ti 1931 yóò sì dúró di 2032. Ọ́fíìsì National Records of Scotland ní Edinburgh ni ó ń tọ́jú wọn, orí ìkànnì ScotlandsPeople sì ni ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn ti lè wá orúkọ, kí ó sì san owó díẹ̀ láti rí àwòrán ojú ewé náà gan-an. Kí ó má ṣe ṣahun owó náà, nítorí ojú ewé tí akànìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni yóò fi òpópónà, ojúlé àti aládùúgbò hàn án.

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Kí ẹni tí ń wá baba ńlá rẹ̀ má ṣe fò lọ sí 1841 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí ó wà láàyè ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó bèèrè orúkọ, iṣẹ́, ìjọ àti ìlú, kí ó wá ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú, èyí tí òfin ti mú ní dandan ní Scotland láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 1855. Lẹ́yìn èyí ni kí ó mú 1921, kí ó padà sí 1911, kí ó sì máa fi ẹ̀sọ̀ sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran.

Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, yóò bá ọ̀pọ̀ orúkọ tí ó jọra pàdé, nítorí John MacDonald àti Margaret Campbell pọ̀ ní ilẹ̀ náà bí ilẹ̀ bí ẹní. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, agbo ilé ni kí ó fi dá ẹni rẹ̀ mọ̀: orúkọ aya, orúkọ àwọn ọmọ àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, iṣẹ́ ọwọ́, àti ibi tí a gbé bí olúkúlùkù. Ìwé 1851 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ń sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí baálé, wọ́n sì ń dárúkọ ìlú ìbí. Ti 1841 kò sọ ìwọ̀nyí. Àwọn tí ó ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ni wọ́n sì sábà máa ń gé ọjọ́ orí wọn sísàlẹ̀, tí ẹni ọdún 39 fi di ẹni ọdún 35 nínú ìwé.

Wàyí o, kí a wá sí ọ̀rọ̀ ojúlé gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí. Nọ́ńbà tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ní apá òsì pátápátá, kì í ṣe nọ́ńbà ilé; nọ́ńbà fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún ìdílé náà ni. Àlàfo tí a kọ òpópónà sí ni kí a wò, kí a sì mọ̀ pé ní Glasgow tàbí Dundee, ìdílé mẹ́wàá lè wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn sì máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ní ìgbèríko, orúkọ abúlé tàbí ti oko nìkan ni a óò bá. Bí ọ̀nà bá sì dàrú mọ́ni lójú, kí a ṣí iwájú ìwé náà, níbi tí a ti to àwọn òpópónà àti ààlà àdúgbò tí akànìyàn náà rìn já. Láti 1861, wọ́n tún ń kọ iye yàrá tí ó ní fèrèsé, èyí tí ó fi hàn wá bí ènìyàn mẹ́jọ ṣe ń há mọ́ yàrá kan. Ẹni tí ó bá kà á pẹ̀lú ojú àánú yóò mọ irú ìyà tí àwọn baba rẹ̀ jẹ kí òun tó dé ayé.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ibi tí ènìyàn sùn ní òru ọjọ́ kan ni ìwé ìkànìyàn mọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè wà nílé ọ̀gá rẹ̀, aláìsàn lè wà ní ọsibítù, ẹni tí ó sì dé lẹ́yìn 1881, tí ó lọ ṣáájú 1891, kò ní sí nínú méjèèjì. Èyí kan àwọn tiwa náà, nítorí àwọn ọmọ wa ti lọ kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh láti ayé ọjọ́un, irú bí Obadiah Johnson, tí ó gba oyè gíga ìṣègùn níbẹ̀ ní 1889. Láti dí àlàfo bẹ́ẹ̀, ìwé ìdíyelé ilé wà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dọọdún láti 1855 títí di 1989, tí ó dárúkọ onílé àti ayálégbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí owó ilé rẹ̀ kò tó £4 lọ́dún lè má sí níbẹ̀. Ìwé ìbí àti ìwé ikú náà sábà máa ń sọ ilé tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bí ìwé méjì bá fẹnu kò sórí ojúlé kan, kí ọkàn olùwá balẹ̀. Bí wọn kò bá fẹnu kò, kí ó máa wá a lọ.

Kí ó tó gbéra lọ wo ilé náà, kí ó rántí pé òpópónà a máa pààrọ̀ orúkọ. Nígbà tí Glasgow gba Govan àti Partick mọ́ra ní 1912, orúkọ òpópónà kan náà ti pọ̀ jù nínú ìlú kan ṣoṣo, a sì ní láti yí púpọ̀ nínú wọn padà. Àwọn àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí National Library of Scotland fi síta lọ́fẹ̀ẹ́ yóò fi ibi tí ilé náà wà nígbà náà hàn án, ìbáà ṣe pé wọ́n ti wó o palẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ méjì lára, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdajì ìtàn rẹ̀ ṣègbé. Ìwé ìkànìyàn ti dúró láti 1841, yóò sì tún dúró. Àwọn àgbà tí ó lè sọ orúkọ tí ẹ ó fi wá inú rẹ̀ ni kò ní dúró pẹ́. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè nísinsìnyí tí ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ fún ọmọ náà.