Ẹ̀KỌ́ FÚN OṢÙ YÌÍ: IGBE "OLÈ!" ÀTI ÌDÁJỌ́ ÀWỌN ÈRÒ

Ẹ ka: Ìṣe Àwọn Aposteli 19:23–41 àti 21:27–36, Eksodu 22:1–4, Deuteronomi 19:15–21.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà ẹ̀yìn ilé ìsìn wa ní ọjọ́ Satide tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan. Àwọn mìíràn nínú yín wà níbẹ̀. Àwa pẹ̀lú wà níbẹ̀, nítorí náà a kò ní sọ ọ́ bí ẹni tí ń ròyìn ìlú òkèèrè.

A ń to ìwé orin lọ́wọ́ ní yàrá ẹ̀wù nígbà tí a gbọ́ igbe "Olè! Olè!" Ọmọkùnrin kan ni wọ́n mú, tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Ó ti yọ owó àti fóònù nínú àpò obìnrin kan tí ń ta ẹ̀fọ́. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a rí ẹnìkan tí ó ń yí táyà mọ́tò bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà. Ẹni tí ń yí táyà náà, nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ni ó wà.

Àwa dúró. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, nítorí a kò lè gbé ẹ̀kọ́ lórí irọ́: a dúró lórí àtẹ̀gùn, a ń rò ó bóyá ohùn wa yóò tó wọn í gbọ́. Ẹni tí kò dúró ni bàbá kan, olórí àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá náà wọ àárín wọn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó sì ní kí wọ́n da epo sí òun náà lára. Wọ́n pariwo mọ́ ọn títí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ṣáná sí bàbá tí ó ti ń ṣọ́ ilé rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọdé. Báyìí ni a rí àyè ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa. Ní Efesu, Demetriu alágbẹ̀dẹ fàdákà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ nítorí pé ìwàásù Paulu ń ba òwò wọn jẹ́. Ẹ kíyèsi i bí ọ̀rọ̀ owó ti di ọ̀rọ̀ ìsìn lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó parí ìsọ rẹ̀. Gbogbo ìlú dàrú. Wọ́n mú Gaiu àti Aristarku, wọ́n sì wọ́ wọn lọ sí ilé ìṣeré. Nígbà náà ni Luku kọ ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó péjọ ni kò mọ ìdí tí wọ́n fi wá. Wọ́n sì kígbe fún bí wákàtí méjì! Ní ọjọ́ Satide yìí, a bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó di igi mú léèrè ohun tí ọmọ náà jí. Ó dá wa lóhùn pé gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ẹnìkejì rẹ̀ ní rárá o, ọ̀kadà ni ó jí gbé. Obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ń bẹ wọ́n pé òun ti rí fóònù òun gbà, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè bẹ̀bẹ̀, àwọn tí wọn kò jà lólè kò gbọ́.

Akọ̀wé ìlú ni ó pa ariwo Efesu. Ó rán wọn létí pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò ja ilé òrìṣà lólè. Ó ní bí Demetriu bá ní ẹjọ́ kan, ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀, àwọn onídàájọ́ sì wà. Ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ó ṣeéṣe kí àwọn tí ń pe ara wọn ní olùgbèjà ìlú di ẹni tí a óò pè lẹ́jọ́ nítorí ìrúkèrúdò ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe gbàgbé pé kèfèrí ni ọkùnrin yìí. Kèfèrí ni ó gba Kristiani sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èrò. Ní ọjà tiwa, Kristiani wà nínú àwọn èrò, olùkọ́ wọn sì dúró lórí àtẹ̀gùn.

Ní orí kọkànlélógún, ní Jerusalẹmu, ọ̀ràn náà burú ju èyí lọ. Àwọn kan ti rí Trofimu ará Efesu pẹ̀lú Paulu ní ìgboro, wọ́n sì ṣèbí Paulu ti mú un wọ tẹmpili. Ìṣèbí yìí nìkan ni ẹ̀sùn tí wọ́n ní. Òun ni wọ́n fi wọ́ ọ jáde, tí wọ́n ń lù ú, tí ìbá sì kú bí kò bá ṣe pé olórí ogun sáré dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí olórí ogun béèrè ohun tí ó ṣe, àwọn kan ń kígbe ohun kan, àwọn mìíràn ń kígbe ohun mìíràn.

Ní ilẹ̀ wa yìí, ìṣèbí ti pa àwọn tí olórí ogun kankan kò sáré dé bá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin lórí ẹ̀sùn olè, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ti ṣe é. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 2017 ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún ẹni mẹ́ta nítorí ọ̀ràn náà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí ó rò pé kò sí ẹni tí yóò mọ ọwọ́ tí ó sọ òkúta, kí ó rántí ìdájọ́ yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì a lọ kí bàbá ọdẹ ní ilé rẹ̀. A rò pé yóò bá àwọn èrò náà wí kíkan. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Àlùfáà, ẹ jókòó. Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn olè. Wọ́n jí ewúrẹ́ mi mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ń bí àwọn ọmọ yìí nínú. Wọn a fa olè lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wọn a tún rí i ní ìgboro, yóò máa wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Ẹni tí ó mú ẹjọ́ lọ, wọn a ní kí ó mú owó bébà wá."

A ní, "Bàbá, nígbà náà, kí ló dé tí ẹ fi lọ jókòó tì í?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nítorí pé mo ti rí i rí kí wọ́n pa ẹni tí kì í ṣe òun. Oorun ọjọ́ náà kò tíì padà bọ̀ sí ojú mi."

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó tọ́ kí ìgbìmọ̀ ìjọ gbọ́. Ó ní olè kì í ta fóònù fún olè. Ẹni rere ni ó ń rà á ní owó pọ́ọ́kú láìbéèrè ibi tí ó ti wá. Ó ní ẹ̀yìn ọjà ṣókùnkùn, igbó ti bo ojú ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà ní ìdájí, àwa sì ní ẹ̀rọ amúnáwá tí ń tan iná sí àgọ́ agogo wa. Ó ní àwọn onílé alájà kì í san owó ọdẹ, àwọn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ pariwo pé ọdẹ sùn. Gbogbo èyí ni a gbà.

Ibi tí a kò ti gba ti bàbá ni ibi tí ó ti ní kí ìjọba máa yìnbọn pa olè ní gbangba bí ti àtijọ́. A wà ní ilẹ̀ yìí, a sì mọ ìtàn. Ní ọdún 1970 ìjọba ológun fi ikú ṣe ìjìyà ìdigunjalè. Ní ọdún 1971 wọ́n ń pa àwọn tí a dá lẹ́bi ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ wòran bí ẹni lọ wo eégún. Oyènúsì tí òkìkí rẹ̀ kàn kú níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ǹjẹ́ olè tán bí? Ní ọdún 1986, Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá gbogbo Ìlú Ìbìní. Nígbà tí a sì yìnbọn pa wọ́n ní ọdún 1987, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé ó ń bá wọn lọ́wọ́ wà lára àwọn tí a pa. Bàbá tún rántí ìgbà tí àwọn àgbà a máa gbé ọjà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í mú un láìsanwó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà a máa so ààlè mọ́ nǹkan wọn. Bí kò bá sí olè nígbà náà, ta ni wọ́n ń fi ààlè dẹ́rù bà?

Níti olè tí a rí ní ìgboro ní ọjọ́ kẹta, ó yẹ kí a là á yé ara wa, nítorí àṣìgbọ́ yìí ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Béèlì kì í ṣe ìdáláre. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 wí ní ìpín karùndínlógójì pé a níláti gbé ẹni tí a mú dé iwájú ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, tàbí ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá sí nítòsí. Ní ìpín kẹrìndínlógójì, ó ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fi sùn títí a ó fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Ẹni tí a gba onídùúró rẹ̀ lè máa rìn ní ìgboro, ẹjọ́ rẹ̀ sì ń dúró dè é. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀, gba ará ìlú láyè láti mú ẹni tí ó bá ń dá ọ̀ràn ńlá lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Ó sì kọ̀ kí a mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. A sọ èyí nítorí àwọn tí ń ké ní ọjọ́ náà pé kí a lọ mú ìyá ọmọ náà wá. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí a fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2020 kò rọ́pò ilé ẹjọ́. Níti owó bébà, ẹni tí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó wá sọ fún àwọn baba ìjọ. Lórí ògiri àgọ́ ọlọ́pàá gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, kí ni a ó wá pe owó bébà?

Ẹ padà sí Eksodu. Òfin Mose le sí olè, ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí a bá níbi tí ó ti ń fọ́ ilé, tí a sì lù pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí lọ́rùn ẹni tí ó lù ú; bí oòrùn bá ti là, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Èéṣe? Nítorí nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, a rí ojú olè, a lè mú un, a sì lè mú kí ó san án padà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni tiwa ṣẹlẹ̀. Ní Deuteronomi ẹ ó rí i pé ẹ̀rí ẹnìkan kò tó, àti pé ẹlẹ́rìí èké ni yóò jẹ ìyà tí ó fẹ́ fi jẹ arákùnrin rẹ̀. Ẹni tí ó kígbe "gbọ́mọgbọ́mọ" mọ́ ẹni tí ó jí fóònù, ẹlẹ́rìí wo ni a ó pè é? Àwọn ọmọ tí ń múra fún ìgbọ́wọ́lé ń ka ojúṣe wọn sí ọmọnìkejì nínú Katikismu ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Kíkó ọwọ́ kúrò nínú olè jíjà àti ṣíṣàìpa ẹnikẹ́ni lára, inú ìdáhùn kan náà ni méjèèjì wà.

Ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ bi wá bóyá ó di dandan kí òun lọ, nítorí ọjọ́ tí kò bá nájà, ilé rẹ̀ kò jẹun. A mọ̀ pé bí kò bá lọ, kò ní sí ẹ̀rí, bí kò bá sí ẹ̀rí, a ó tú ọmọ náà sílẹ̀, àwọn tí ó yí táyà yóò sì wí pé, "Ṣé ẹ rí i?" Nítorí náà ìgbìmọ̀ ìjọ ti yan ẹni méjì tí yóò máa bá a lọ, Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá yóò sì máa bá a ta ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ ẹjọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yóò ṣán igbó ẹ̀yìn ọjà ní Satide kejì oṣù yìí. Kí olúkúlùkù mú àdá rẹ̀ wá. A ó fa iná kan láti inú ọgbà ilé ìsìn síbẹ̀. Bí irú igbe yìí bá tún dé, kí ẹni tí ó bá súnmọ́ agogo lù ú láìdúró gba àṣẹ, kí ẹlòmíràn sì pe 112.

Akọrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá bá wa fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá a sọ wà láàárín wa.

Ìyá ọmọ náà ti ń wá sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí i, ẹ sún fún un.

Ní oṣù tí ń bọ̀ a ó ka Ìwé Paulu sí Filemoni. Kí olúkúlùkù ti kà á tán ní ilé kí a tó pàdé.