Ọkàn mi gbẹ: ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni?

Ìbéèrè: Mi ò kì í pa ìsìn jẹ, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo tún ń gbààwẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá délé, ńṣe ni inú mi máa ń ṣófo. Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni?

Ìdáhùn: Ó tì o. Òùngbẹ kì í gbẹ òkú. Ẹ wo obìnrin ará Samáríà inú Jòhánù orí 4. Ọ̀sán gangan ló gbé ìkòkò lọ sí kànga Jákọ́bù. Ó ti fẹ́ ọkọ márùn-ún, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀. Jésù ò kọ́kọ́ bá a wí. Omi ló tọrọ. Ohun tó máa ń wú mi lórí jù ni pé obìnrin náà padà wọ ìlú, ó fi ìkòkò sílẹ̀ nídìí kànga. (Èmi rò pé kò tiẹ̀ rántí mọ́ pé omi ló wá pọn.)

Bóyá iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti di ìkòkò yín: ẹ ń gbé e lọ, ẹ ń gbé e bọ̀, ẹ ò jókòó ti Ẹni tó ni omi. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ka Sáàmù 63 jẹ́ẹ́, èyí tí àkọlé rẹ̀ gbé Dáfídì sí aginjù Júdà. Kí ẹ wá fẹnu ara yín sọ bó ṣe ń ṣe yín fún Ọlọ́run. Bí omijé bá dé, ẹ má tètè nù ún.