Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Ẹ Yẹ Ọ̀rọ̀ Wò, Ẹ Má Bú Ọlọ́rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 18, tí ẹ ó sì dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, onírúurú ọ̀rọ̀ ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn olùdíje. Ó yẹ kí ẹ lè mọ àlàyé yàtọ̀ sí èébú.

Ẹ wo àwòrán yìí. Obìnrin kan tó ń díje fún ipò kánsẹ́lọ̀ ń bá àwọn ará ọjà sọ̀rọ̀. Ó ní: “Owó ìsọ̀ tí ẹ ń san lóṣooṣù tó láti kó pàǹtí ọjà yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.” Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń díje fèsì pé: “Ta ni yóò fetí sí ọ̀rọ̀ dálémoṣú?” Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ǹjẹ́ owó náà tó, àbí kò tó? Ọkùnrin náà kò sọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin ọdún 1999 ka àbójútó ọjà àti kíkó pàǹtí sí.

Àṣìṣe ìrònú ni kí a pa ọ̀rọ̀ tì, kí a wá máa bú ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tí kò sí nílé ọkọ lè ṣírò owó kó pé. Bákan náà, pípe ènìyàn ní àlejò tàbí ọmọ tálákà kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di irọ́.

Àmọ́ ṣá, ọ̀rọ̀ nípa ìwà olùdíje a máa wúlò nígbà mìíràn. Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá ẹnì kan lẹ́bi pé ó kówó ìlú jẹ, ó yẹ kí olùdìbò mọ̀, nítorí owó ìlú náà ni yóò tún wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Òfin ètò ìdìbò ka èébú tó lè dá ìjà sílẹ̀, tàbí tó lè dun ẹlẹ́sìn tàbí ẹ̀yà kan, léèwọ̀ nínú ìpolongo ìbò.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí èébú bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ má gbàgbé ìbéèrè tí wọn kò dáhùn.

Ẹ bi ara yín:
1. Ọ̀rọ̀ wo ni olùdíje yìí ń fèsì sí?
2. Ǹjẹ́ èsì rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà?
3. Ǹjẹ́ ohun tó sọ nípa ẹnì kejì kan iṣẹ́ ipò tí wọ́n ń wá?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ ìbéèrè kan tó yẹ kí àwọn ará ọjà bi ọkùnrin inú àwòrán náà.