Ibi Tí A Bá Pè Lórí: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Nípa Orí Bátìrì àti Okùn Rẹ̀

Nígbà tí òjò ọdún tí ó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ilẹ̀ pupa tí a fi sọ Òkìtìpupa lórúkọ ti rin gbingbin, tí ọ̀nà oko ọ̀pẹ sì ti di ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ kéékèèké kò lè dáwọ́ lé, ni ìbátan mi àgbà kan, bàbá ọlọ́pẹ tí oko rẹ̀ wà ní ìhà Ìlú-Titun, ránṣẹ́ pè mí pé Láńdírófà òun tún ti kọ̀ láti jẹ́ ìpè, àti pé kí n wá fi owó kún owó òun kí òun lè ra bátìrì titun, èyí tí ìbá jẹ́ ẹ̀kẹta láàárín ọdún méjì. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ àná. Ó jẹ́ ọmọ ìran ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1948, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀ nítorí pé irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì fi irin gidi ṣe egungun rẹ̀ lábẹ́. A-rìn-nínú-ẹrẹ̀-má-rì, a-gun-òkè-má-mí-hẹlẹ, ọkọ̀ tí ń wọ oko tí ọ̀dà kò tíì dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tún un ṣe, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rìwáyà, dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé: “Bàbá, bátìrì yín ò kú o. Orí rẹ̀ ló bu.” Gbólóhùn méjì péré ni, ṣùgbọ́n mo dúró lórí wọn fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí pé nínú wọn ni mo ti rí i pé ẹni tí ó bá mọ orúkọ tí ó yẹ kí á pe àrùn ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ìwòsàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà “orí” wò. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó láti fún wa ní orúkọ yìí. Àwọn rìwáyà àti àwọn tí ń fi iná kún bátìrì lẹ́bàá títì ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Láti ìgbà tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859, òjé tí a rì sínú ásíìdì ni agbára rẹ̀, òjé náà ni ó sì yọrí síta lókè ní ẹ̀ka méjì, tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ díẹ̀ kí á má baà ṣì wọ́n mú. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àpótí náà, ibẹ̀ ni ó ń gbà jáde. Kí ni Yorùbá ìbá tún pe irú ibẹ̀, bí kò ṣe orí? Àwọn àgbà sì ti wí pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò fi ń tẹlẹ̀: wọn a nu ara ọkọ̀, wọn a pààrọ̀ epo, orí bátìrì nìkan ni ọwọ́ wọn kì í kàn títí ọkọ̀ yóò fi dá wọn dúró sínú igbó.

N kò fẹ́ kọjá níhìn-ín láìsọ̀rọ̀ nípa òjé, nítorí pé mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń pè é ní “lẹ́ẹ̀dì” bí ẹni pé ilẹ̀ yìí kò mọ̀ ọ́n rí. Òjé ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Idẹ ni ti Ọ̀ṣun. Irin ni ti Ògún Lákáayé. Bàbà, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì, ni èyí tí a ń fà ṣe wáyà, tí kò sì gbọdọ̀ dàrú mọ́ bàbá tí ó bí wa lọ́mọ. Nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, lórí bátìrì kan ṣoṣo, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fara kanra. Ẹni tí ó bá ní orúkọ mẹ́rin yìí lẹ́nu kò ní ìdí láti yá ọ̀kankan.

Ibi tí orúkọ “orí” ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ọjà. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tí o sì béèrè orí bátìrì, kì í ṣe òjé tí ó yọ lára bátìrì ni wọn yóò fún ọ, bí kò ṣe irin tí a fi ń gbá a mú, èyí tí wáyà wọ̀ sí. Ọ̀kan ni orí àmútọ̀runwá, èkejì ni orí tí a fowó rà, orúkọ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Èrò tèmi ni pé kí á fi “orí” sílẹ̀ fún ti òjé, kí á sì máa pe èkejì ní “ìdè”, nítorí pé dídè ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìdè tí bàbá ń lò jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kun ní àwọ̀ idẹ, tí ó ti fẹjú nítorí ìfúnlọ́rùn lemọ́lemọ́. Idẹ gidi tàbí òjé ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “bu”. Irin ni ó máa ń dógùn-ún tàbí kí ó dípẹtà, pupa sì ni ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bo orí bátìrì bàbá funfun níbi kan, ó sì ní àwọ̀ ewé níbòmíràn, ó wú fùlẹ̀fùlẹ̀ bí èébu tí ó hù lára búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́fà. Ooru ásíìdì tí ń jò lẹ́bàá orí ni ó ń jẹ òjé di funfun, tí ó sì ń jẹ bàbà di àwọ̀ ewé. Ọmọkùnrin náà kò wí pé “ó dógùn-ún”, ó wí pé “ó bu”, ìyàtọ̀ náà sì ní èrè: ìpẹtà irin ni a ń fi nǹkan líle ha, ṣùgbọ́n èébu ásíìdì ni a ń fi omi gbígbóná tí a po bèkín-sódà mọ́ fọ̀, tí yóò máa hó títí agbára ásíìdì náà yóò fi tán. Káún tí àwọn ìyá wa fi ń se ẹ̀wà jẹ́ ìbátan sódà yìí, iṣẹ́ kan náà ni ó sì lè ṣe. Wọ́n ní orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ, ṣùgbọ́n orí bátìrì gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni “kú”, òun sì ni a máa ń ṣì lò jù. Bátìrì tí iná inú rẹ̀ lọ sílẹ̀ kò tíì kú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bátìrì tí òjé inú rẹ̀ ti jẹ tán ni ó kú. Bátìrì tí iná kún inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀nà àbájáde dí, kò rẹ̀ ẹ́, kò sì kú. Rìwáyà gbé mítà lé orí méjèèjì, ó sì rí fólítì 12.6, èyí tí í ṣe ìwọ̀n bátìrì tí ó yó. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ẹnu mítà kan sórí òjé gan-an, tí ó fi èkejì sára ìdè tí ó gbá a mú, ó sì ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Láàárín ohun méjì tí ó fara kanra, níbi tí kò yẹ kí mítà rí ohunkóhun, fólítì 2 ni ó ṣòfò. Ìṣirò rẹ̀ kò le: nígbà tí sítátà bá ń fa ámpíà 200, ìdènà tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohm tó láti jẹ iye náà. Bátìrì méjì ni bàbá ti sọ nù tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan, “ó ti kú”, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó dùn mí jù, èyíinì ni àmì tí a kì í fi sórí ọ̀rọ̀. A ti fi owó ìdè titun ránṣẹ́ sí Èkó, a ń retí rẹ̀, nígbà tí rìwáyà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá pé: “Ori batiri ti de.” Bàbá rò pé ẹrù ti dé, ó jókòó sílé fún ọjọ́ méjì, ó ń retí ọmọkùnrin náà kí ó gbé e wá. Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ sọ ni pé ìdè àtijọ́ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tún ti dẹ̀, kí bàbá má gbé ọkọ̀ jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí: dé ni kí á gúnlẹ̀, dè ni kí á so ó le, dẹ̀ ni kí ó tú láìjá. Ohun tí a dè àti ohun tí ó dẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ara wọn, kò sì sí ohun tí ó yà wọ́n nínú ìwé ju ẹyọ ìlà tín-ín-rín kan lábẹ́ lẹ́tà lọ. Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé sí oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá ń kọ̀wé sí ènìyàn, kí ó ṣàpèjúwe ohun tí ó fẹ́ sọ bí ọwọ́ bá kún jù láti fi àmì sí i: kí ó kọ ọ́ pé ó fún pinpin, tàbí pé ó ń mì yẹ̀gẹ̀yẹ̀gẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà ní ìtumọ̀ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó yàtọ̀ ni ó ń fẹ́ àtúnṣe. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni rìwáyà wa, “uná” ni ó sì ń pe iná, bí a ti ń pe iṣẹ́ ní “uṣẹ́”. Abíọ́dún Adétugbọ́, nínú ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní ọdún 1967, fi Ìkálẹ̀ sí ẹ̀ka gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ. Mo sọ èyí nítorí pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ náà fẹ́ tún “uná” náà ṣe fún un, mo sì ní kí ó fi í sílẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ó ku okùn. Wáyà jẹ́ okùn, nítorí náà ó máa ń já. Igi ni í kán, ìkòkò ni í fọ́. Ṣùgbọ́n okùn bátìrì ọkọ̀ yìí kò já, ó jẹrà ni: nígbà tí a bó rọ́bà ara rẹ̀, èébu aláwọ̀ ewé ti rìn wọ inú bàbà rẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. A fi okùn bàbà tí ó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, a sì ṣọ́ra fún ayédèrú, nítorí pé alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò lásán wà lọ́jà, kò sì lè gbé iná tó bàbà. Okùn tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí àwọn rìwáyà ń pè ní “ẹ́ẹ̀tì”, ni mo bá wọn jiyàn lé. Ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí “wáyà ilẹ̀”, ṣùgbọ́n kò kan ilẹ̀ rárá. Rọ́bà táyà ni ọkọ̀ dúró lé. Wáyà ara ọkọ̀ ni kí á pè é. Nínú Láńdírófà, ó sàn kí ó lọ sí egungun irin ju ara alumíníọ̀mù lọ, kí á sì ha ọ̀dà kúrò níbẹ̀ kí irin lè kan irin.

Wáyà ara ọkọ̀ yìí ni a kọ́kọ́ tú, òun náà ni a sì dè kẹ́yìn, kí sípánà má baà fi iná ta nígbà tí ó bá ṣèèṣì kan ara ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà fi fáséèlì pa orí méjèèjì, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, bàbá sì yí kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń yí i kí ọkọ̀ tó jẹ́ ìpè, bátìrì tí ó fẹ́ sọ nù náà ni ó sì ṣì wà nínú rẹ̀.