Òfò Ta Ni Adójútòfò Ọkọ̀ Yín Ń Dójú Tì?

Nínú kíláàsì mọfọ́lọ́jì la ti kọ́ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀kan tí kò wá nínú ìdánwò wa: adójútòfò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ló ṣáájú, "dójú ti òfò" ló tẹ̀ lé e, a sì pa fáwẹ́lì tó kẹ́yìn "ti" jẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó ń dójú ti òfò. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn: òfò ta ni? Èmi kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn nígbà tó yẹ, mo sì fi owó ara mi kọ́gbọ́n.

Ọdún kejì tí mo jáde ní ẹ̀ka wa yìí ni mo ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi, Toyota Corolla kan tó ti dàgbà. Ẹni tó bá mi ṣe pátíkúlà kó gbogbo ìwé fún mi nínú fáìlì kan. Mo rí ìwé ìnṣọ́ránsì láàrin wọn, ọkàn mi balẹ̀, n kò sì kà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn, bíréèkì kò tètè mú, mo sì lọ kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá kan. Bọ́ńpà àti iná ẹ̀yìn tiwọn fọ́. Ní tèmi, bọ́nẹ́ẹ̀tì ká, rédíétọ̀ ya, iná iwájú méjèèjì sì fọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní ìnṣọ́ránsì." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Èwo lo ní nínú wọn?" N kò mọ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ náà ti sanwó àtúnṣe ọkọ̀ bàbá. Tèmi lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí n tó rówó kó jọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò rẹ́ mi jẹ o. Ohun tí mo rà ni wọ́n fún mi.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Gbogbo wa la mọ àjọ. Nínú àjọ, owó tí èèyàn dá ni yóò kó. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá owó sójú kan, ìwọ̀nba àwọn tí òfò bá ṣẹlẹ̀ sí láàrin ọdún ni wọ́n sì ń fi owó náà ràn lọ́wọ́. Bí ọdún bá parí láìsí jàǹbá, a kì í béèrè owó náà padà, nítorí pé ààbò ọdún yẹn la fi rà.

Owó ló sì ń ṣáájú ààbò. Láti inú òfin ọdún 2003 ló ti wà pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní ààbò kankan. Kò sí "màá san án tí oṣù bá parí" nínú rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta tó wà

Èkíní ni Third Party. Ẹ̀yin ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹni kejì, ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe ní jàǹbá sì ni ẹni kẹta. Òfò ẹni kẹta yìí nìkan ni ìwé náà bò: bó bá fara pa tàbí tó kú, tàbí bí ẹ bá ba ọkọ̀ tàbí ògiri rẹ̀ jẹ́. Òun ni òfin sọ di dandan ní Nàìjíríà, láti ọdún 1945 ni wọ́n sì ti ṣe òfin náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, sọ owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni di N15,000 lọ́dún, láti orí N5,000. Iye tí wọ́n lè san lórí dúkìá ẹni kẹta sì di N3,000,000. Bí ẹ bá ba jíìpù olówó iyebíye jẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ N5,000,000, mílíọ̀nù méjì tó kù wà lọ́rùn yín.

Èkejì ni Third Party, Fire and Theft. Ó bo gbogbo ohun tí ti àkọ́kọ́ bò. Ó tún bo ọkọ̀ tiyín bí iná bá jó o tàbí tí olè bá gbé e lọ. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ kọlu nǹkan, kò sí tiyín níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Comprehensive. Ó bo ẹni kẹta, ó sì bo ọkọ̀ tiyín, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀. NAICOM ní owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó. Ọkọ̀ tó tó N4,000,000 yóò san ó kéré tán N200,000 lọ́dún.

Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ń tan èèyàn jẹ. Ìkún omi àti rògbòdìyàn sábà máa ń jẹ́ àfikún tí a ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú rògbòdìyàn oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Èkó. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àfikún yìí nínú ìwé rẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ Excess sí. Òun ni iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ gbé nínú owó àtúnṣe kí ilé-iṣẹ́ tó gbé ìyókù.

Bí a ṣe lè dín owó rẹ̀ kù

Ẹ kọ iye tí ọkọ̀ yín tó lónìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Bí ọkọ̀ N4,000,000 bá wà lórí ìwé ní N6,000,000, N300,000 lẹ ó máa san. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olè bá gbé e, iye tí ọjà ń pè é ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń san. Ẹ tún iye náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Ẹ ra àfikún tó bá ibi tí ẹ ń gbé mu. Ẹni tí omi máa ń wọ àdúgbò rẹ̀ nílò ti ìkún omi. Ẹni tó ń gbé orí òkè lè má nílò rẹ̀.

Ẹ béèrè iye tí owó yóò fi dín bí ẹ bá gbà láti gbé Excess tó pọ̀ sí i, tàbí bí ẹ bá ti wakọ̀ fún ọdún mélòó kan láìbéèrè owó kankan.

Ẹ má purọ́ nípa ohun tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó san owó ọkọ̀ àdáni, tó wá ń fi í gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́, ti fún ilé-iṣẹ́ ní ìdí láti má san nǹkan kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta ìwé fún yín ní iye tó kéré sí èyí tí NAICOM là sílẹ̀, ẹ fura. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ yín lórí askniid.org tàbí kí ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù. Bí ìwé náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò kárí orílẹ̀-èdè. Èyí tó burú jù ni pé ìwé ayédèrú kò lè tún ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Ẹ ya fọ́tò, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ẹnìkejì, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ yín létí kíákíá. A lè kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ọmọ Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ó san iye kan kí ilé-iṣẹ́ tó dá sí i.

Third Party náà ni mo ṣì ń san. Corolla mi kò ju N1,500,000 lọ mọ́. Comprehensive rẹ̀ yóò jẹ́ N75,000, ìyẹn N60,000 lé lórí ohun tí mo ń san. Nítorí náà, mo ń fi N5,000 pamọ́ lóṣooṣù fún òfò tèmi. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ìdánrawò

1. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín tàbí ti òbí yín jáde. Èwo ni nínú oríṣi mẹ́ta yìí? Ọjọ́ wo ló máa parí?
2. Bàọ́lá ní ọkọ̀ tó tó N3,000,000, ó sì ní Third Party, Fire and Theft. Ó fi ọkọ̀ gbá òpó iná. Ta ni yóò tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe? Ta ni yóò sanwó òpó?
3. Èló ni Comprehensive ọkọ̀ Bàọ́lá yóò jẹ́, ó kéré tán?